Ẹ̀kọ́ Ni Kí A Sọ Lórúkọ, Kì í Ṣe Ọmọ

Bí a bá dárúkọ Ìjagun lónìí, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ibẹ̀, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni yunifásítì tí a fi orúkọ Táí Ṣólàárín pè wà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀ kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn tó sọ ọ́ di yunifásítì ní ọdún 2005, òun sì ni yunifásítì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí a yà sọ́tọ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀kọ́. Ìjọba àpapọ̀ gbà á sọ́wọ́ ní ọdún 2025. Kò sí ẹni tí yóò kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lóde òní tí kò ní gbọ́ ọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kò rí bákan náà, pé olùkọ́ gbọ́dọ̀ mú ìkọ́ni rẹ̀ bá wọn mu. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ tuntun bá lọ fún ìdánrawò tí gbogbo wọn ń pè ní TP, tí ó dúró níwájú àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú, tàbí tí ìyá ọmọ kan wá béèrè bí ọmọ òun ṣe ń ṣe sí, Yorùbá ni yóò fi ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ wo ni yóò lò? Èrò tèmi ni pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí a bá ṣẹ̀dá fún ẹ̀ka ìmọ̀ yìí gbọ́dọ̀ máa sọ ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ inú kíláàsì lórúkọ. Kò gbọdọ̀ sọ ọmọ lórúkọ. Ìwádìí àwọn onímọ̀ gbè é lẹ́sẹ̀, ìhun èdè wa náà sì fún wa ní ohun tí a lè fi ṣe é.

Kí a kọ́kọ́ wo èrò tí a fẹ́ túmọ̀ gan-an. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní learning styles ni èrò pé olúkúlùkù ní ọ̀nà kan tí ìmọ̀ fi ń wọlé sí i lára ju ọ̀nà mìíràn lọ. Èyí tí àwọn olùkọ́ mọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ti Neil Fleming, ará New Zealand, tí òun àti Colleen Mills kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1992. Wọ́n ní àwọn kan fẹ́ràn àwòrán, àwọn kan fẹ́ràn ohun tí wọ́n ń gbọ́, àwọn kan fẹ́ràn kíkà àti kíkọ, àwọn kan sì fẹ́ràn ohun tí wọ́n ń ṣe. Kò sí àbùkù nínú pé ènìyàn fẹ́ràn ohun kan. Ibi tí wàhálà wà ni ìgbésẹ̀ kejì, èyí tó ní bí a bá kọ́ olúkúlùkù ní ọ̀nà tó fẹ́ràn, yóò mọ̀ ọ́n ju bí a bá kọ́ ọ ní ọ̀nà mìíràn lọ. Nígbà tí Frank Coffield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bírítéènì ṣe àkójọ irú èrò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2004, oríṣi 71 ni wọ́n bá pàdé, àwọn èrò náà kò sì bára wọn mu lórí bí a ṣe ń pín akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 2008, Harold Pashler àti àwọn onímọ̀ mẹ́ta mìíràn ní Amẹ́ríkà yẹ ìwádìí tó wà nílẹ̀ wò fínnífínní. Wọ́n ní ẹ̀rí tó péye kò sí pé mímú ìkọ́ni bá ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn mu ń mú kí ó mọ̀wé sí i. Síbẹ̀, nínú ìwádìí tí Sanne Dekker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2012, olùkọ́ 93 nínú 100 ní Bírítéènì àti 96 nínú 100 ní Netherlands ni wọ́n gbà á gbọ́. Bí èrò kan bá dùn létí tó báyìí, tí ẹ̀rí rẹ̀ sì tín-ín-rín, ẹni tó fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn ní láti fara balẹ̀, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ náà bá ti mọ́ ènìyàn lẹ́nu, yóò ṣòro láti yọ èrò inú rẹ̀ kúrò.

Bí a bá ń yára túmọ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sẹ́nu ni akẹ́kọ̀ọ́ olójú, akẹ́kọ̀ọ́ elétí àti akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́wọ́. Wọ́n kúrú, wọ́n sì rọrùn láti pè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ tí mọ́fíìmù oní- ń ṣe nínú wọn. Oní- máa ń sọ ènìyàn di ẹni tó ni nǹkan, a sì sábà máa ń gbọ́ ọ bí ìwà tàbí ipò tó ti bá ẹni náà mọ́ra. Ẹ̀rí èyí wà nínú kíláàsì wa láti ọjọ́ pípẹ́, òun náà sì ni ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí olùkọ́ kankan máa pe ọmọ: olódo. Òdo jẹ́ máàkì. Ti ìdánwò kan ni, ti ọjọ́ kan, lórí ìbéèrè kan. Nígbà tí a fi oní- síwájú rẹ̀, òdo kúrò lórí ìwé, ó di orúkọ ọmọ. Ọmọ tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí òun ṣe ni wọ́n ń wí, ẹni tí òun jẹ́ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ elétí kò rorò tó olódo, ẹni tó ń lò ó sì lè ní inú rere sí ọmọ náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni a gbà hun àwọn méjèèjì, iṣẹ́ kan náà ni wọn yóò sì ṣe. Ọmọ tí a bá ti sọ fún pé elétí ni òun yóò fi ìwé kíkà sílẹ̀ fún àwọn tí ó rò pé a dá ojú fún. Olùkọ́ rẹ̀ náà yóò ní àwáwí tó dára lójú ara rẹ̀ láti má ṣe gbìyànjú mọ́.

Èdè wa ní ọ̀nà mìíràn. A lè fi à- àti fi hun ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí a ṣe ṣe ohun kan, kì í ṣe ẹni tó ṣe é: àfẹnusọ ni ohun tí a fi ẹnu sọ, àfọwọ́kọ ni ìwé tí a fi ọwọ́ kọ. Láti ibẹ̀ ni mo ti dábàá pé kí a máa pè é ní ẹ̀kọ́ àfojúwò, ẹ̀kọ́ àfetígbọ́, ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe, kí a sì lo àkàyé tí ìwé Yorùbá ti ń lò tipẹ́ fún èyí tí a ń kà. Gbogbo wọn ń tọ́ka sí ẹ̀kọ́. Olùkọ́ kan náà lè ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárín ogójì ìṣẹ́jú, kíláàsì kan náà sì lè gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn kan lè wí pé kí ló dé tí a kò sọ pé àfojúkọ́, àfetíkọ́, àfọwọ́kọ́, kí wọ́n lè bára wọn mu? Ìdí ni pé àmì ohùn kan ṣoṣo ló ya àfọwọ́kọ́ sọ́tọ̀ sí àfọwọ́kọ, ọ̀pọ̀ ìwé tí a ń tẹ̀ kì í sì í ní àmì tó pé. Ọ̀rọ̀ tí yóò máa kó olùkọ́ sí ìyọnu lójoojúmọ́ kò yẹ ní ṣíṣẹ̀dá. Irú ìṣọ́ra yìí kì í ṣe tuntun láàárín wa. Nínú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní ọdún 1984, tí ìwé kejì rẹ̀ láti ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1990, àwọn onímọ̀ wa kó ọ̀rọ̀ jọ fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Ọ̀nà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà kò pọ̀: a lè yá ọ̀rọ̀, bí i fáwẹ̀lì, a lè hun tuntun láti inú tiwa, bí i ọ̀rọ̀-ìṣe, a sì lè fẹ ìtumọ̀ èyí tó wà lójú, bí àpólà igi ṣe di àpólà-orúkọ, tí awẹ́ obì sì di awẹ́-gbólóhùn. Èyíkéyìí nínú wọn dára. Ohun tó yẹ kí a máa béèrè ni bóyá ọ̀rọ̀ náà ń darí ẹni tó ń lò ó sí òtítọ́ tàbí ó ń ṣì í lọ́nà.

Bí a bá tún wo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ń sọ nípa òye, a ó rí i pé Yorùbá kì í ya ojú, etí àti ọwọ́ sọ́tọ̀ bí àwọn tó pín akẹ́kọ̀ọ́ ṣe yà wọ́n. A ń gbọ́ ọ̀rọ̀, a ń gbọ́ òórùn, ẹni tó mọ èdè kan náà la sì ń sọ pé ó gbọ́ ọ. Ẹ tún wo yé. Nígbà tí a bá ní ìṣirò yé ọmọ, ìṣirò ni olùwà gbólóhùn náà, ọmọ ni àbọ̀. Bí a bá sì ní kò yé e, ẹ̀kọ́ ni a ń sọ pé kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Gírámà kò lè jẹ́rìí pé ìmọ̀ kan tọ̀nà, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Ohun tó lè ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ìbéèrè kan rọrùn láti bi ju òmíràn lọ. Kò yé wọn ń mú olùkọ́ béèrè pé kí ni mo tún lè ṣe sí ẹ̀kọ́ yìí. Ìbéèrè yìí ni ìwádìí fara mọ́, torí pé ohun tí a fẹ́ kọ́ ló sábà máa ń sọ ọ̀nà tí a ó gbà kọ́ ọ. Àmì ohùn Yorùbá ń fẹ́ etí, ọmọ tó fẹ́ràn àwòrán náà gbọ́dọ̀ tẹ́tí sí dò àti mí. Máàpù ń fẹ́ ojú, bó ti wù kí ọmọ fẹ́ràn ìtàn tó. Nọ́ńbà 45 ń fẹ́ gbogbo rẹ̀ papọ̀. Ẹni tó kàn gbọ́ márùndínláàádọ́ta lè há a sórí láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kíláàsì bá to òkúta ní ogún-ogún lọ́nà mẹ́ta, tí wọ́n yọ mẹ́wàá kúrò kí ó lè ku àádọ́ta, tí wọ́n tún yọ márùn-ún, tí wọ́n ń pe orúkọ náà bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́, tí wọ́n sì wá kọ ọ́ sílẹ̀, ìtumọ̀ orúkọ náà yóò hàn sí gbogbo wọn. Kò sí ìdí láti kọ́kọ́ béèrè èwo nínú wọn ni elétí.

Ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ lè dáhùn pé ìka kò dọ́gba, pé ojú òun ni òun fi ń rí i pé àwọn ọmọ yàtọ̀ síra. Òtítọ́ ni, mi ò sì jiyàn rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù kò sí níbi tí a ń wá a sí. David Ausubel kọ ọ́ ní ọdún 1968 pé nínú gbogbo ohun tó ń nípa lórí ẹ̀kọ́, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Àwa náà ní orúkọ fún un, nítorí pé ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá wà nínú lesson note Yorùbá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èròńgbà àti ohun èlò ìkọ́ni. Ọ̀pọ̀ ni kì í ka ìlà yẹn sí. Ọmọ tó ti ń bá ìyá rẹ̀ ka owó lọ́jà àti èyí tí kò kà á rí yàtọ̀ síra gan-an nígbà tí ìṣirò bá bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tó jẹ́ ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń sọ nílé rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tọ́ ọ. Ìyàtọ̀ mìíràn tún wà tí kò yẹ kí a fi orúkọ ìfẹ́-inú bò mọ́lẹ̀. Ọmọ tí kò rí pátákó dáadáa kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ elétí. Àyẹ̀wò ojú ló nílò, bóyá dígí ojú pẹ̀lú. Ọmọ tí kò gbọ́ràn kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ olójú. Èdè àmì jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ wa bá kó àwọn wọ̀nyí pọ̀ mọ́ ẹni tó kàn fẹ́ràn àwòrán, a ti fi wọ́n du ìrànlọ́wọ́ tó tọ́ sí wọn.

Àtakò kejì ni pé iṣẹ́ yìí kò wúlò, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ilé-ìwé. Lóòótọ́, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò parẹ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé-ìwé kan ní Ilé-Ifẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ lọ́tọ̀. Wọ́n ní láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Bí òfin bá tilẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ni, iṣẹ́ Yorùbá ṣì wà nínú kíláàsì, òbí ṣì ń wá sí ilé-ìwé, olùkọ́ sì ń padà sí Yorùbá nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì kò bá yé àwọn ọmọ. Àkókò yẹn gan-an ni ìkọ́ni ń yí padà láti bá wọn mu. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tó péye wà lẹ́nu olùkọ́ nígbà náà.

Fún iṣẹ́ yíyí ìkọ́ni padà yìí fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo fara mọ́ ni ìyíwọ́padà. Gbogbo wa ló ń sọ pé ẹni tí ohun kan kò bá ṣẹnuure fún kí ó yíwọ́ padà, ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ló sì ń yí. Mo dábàá pé kí àwọn tó ń kọ́ olùkọ́ ní Ìjagun, ní ilé-ìwé tí orúkọ rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún 1956, tí ó sì so ìwé pọ̀ mọ́ iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ọwọ́ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, fi ìlà méjì kún lesson note Yorùbá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ń kọ fún TP. Ìlà àkọ́kọ́ ni àyẹ̀wò àárín ẹ̀kọ́, ìbéèrè tí olùkọ́ yóò fi mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ náà ń yé wọn kí aago tó lù. Ìkejì ni ìyíwọ́padà, ohun tí yóò ṣe bí kò bá yé wọn: ṣé àfọwọ́ṣe ni yóò tún gbà, àbí yóò padà sí ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá? Kò ní náni lówó, kò sì fẹ́ kíláàsì kékeré, nítorí pé gbogbo kíláàsì ni yóò bá olùkọ́ yí. Olùkọ́ tó bá kọ ìlà méjèèjì yìí yóò lè sọ fún ìyá ọmọ pé ìyọkúrò kò tíì yé e, pé òkúta ni àwọn yóò fi kà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá náà yóò mọ ohun tó kù láti ṣe, yóò sì lè ràn án lọ́wọ́ nílé.