A ń ké pe Àbújá nítorí gọ́tà

1/ Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò ńlá kan rọ̀ ní àdúgbò wa. Gọ́tà kún, omi wọ yàrá àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀. Mo ya fọ́tò, mo gbé e síbí, mo tag ààrẹ, mo tag gómìnà. Ẹ like ẹ̀ dáadáa, ẹ bá mi bínú, ẹ ṣeun. Gọ́tà ṣì wà bó ṣe wà.

2/ Màmá kan tó ń ta ẹ̀kọ lójú títì wa bi mí pé, "Ọmọ mi, ta lo lọ fi ẹjọ́ gọ́tà sùn?" Mo ní, "Ààrẹ ni, mà." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, "Kánsílọ̀ wa ńkọ́?" Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mi ò mọ orúkọ kánsílọ̀ wa. Ojú tì mí. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nìyẹn. Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ pọ̀ díẹ̀.

3/ Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu. Àwọn ìyá ńlá wa tí wọn ò lè kọ orúkọ ara wọn mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n lọ bá, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe máa bá a sọ̀rọ̀, ju àwa tí fóònù wà lọ́wọ́ wa lọ. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Abẹ́òkúta.

4/ Kí òyìnbó tó gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá, agbára ò sí lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn Ògbóni wà, àwọn Ológun wà, àwọn Pàràkòyí wà fún ọ̀rọ̀ òwò. Àwọn obìnrin náà ní Ìyálóde tiwọn. Ẹfúnróyè Tinúubú ló kọ́kọ́ jẹ Ìyálóde gbogbo Ẹ̀gbá, lọ́dún 1864. Tí nǹkan bá dun ọlọ́jà, ó mọ ilé tó máa gbà lọ.

5/ Lọ́dún 1914, òyìnbó fòpin sí òmìnira Ẹ̀gbá. Nígbà tó yá, wọ́n kó agbára ìlú jọ sọ́wọ́ Aláké, Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó sì wà lẹ́yìn ẹ̀. Owó orí gbígbà o, òfin ọjà o, ààfin ni gbogbo ẹ̀ bọ́ sí. Obìnrin kankan ò sí níbi tí wọ́n ti ń jókòó pinnu. Ọ̀nà tí ọlọ́jà ń gbà sọ tẹnu ẹ̀ ti dí nìyẹn.

6/ Ní 1918, owó orí dé. Ẹ gbọ́ o: obìnrin ń san tiẹ̀ lọ́tọ̀, ọkọ ẹ̀ náà ń san tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ọmọbìnrin á ti máa san án tó bá ti pé ọdún 15, ọmọkùnrin á dúró di 16. Àwọn tó ń gba owó náà máa ń tú aṣọ lára ọmọbìnrin láti fi mọ̀ bóyá ó ti dàgbà tó. Ẹ rò ó wò, kó jẹ́ àbúrò yín.

7/ Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ní ẹgbẹ́ kan nígbà náà, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé. Nígbà tí àwọn ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́ ìwé kíkà lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n tó mọ ohun tí ojú wọn ń rí lọ́jà.

8/ Kí ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe? Wọn ò pariwo. Wọ́n lọ bá òṣìṣẹ́ ìjọba tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Kò dá wọn lóhùn. Wọ́n wá gbé e lọ bá àwọn oníwèé ìròyìn. Lẹ́yìn tó jáde nínú ìwé ìròyìn, gbígba ìrẹsì dáwọ́ dúró. Ẹ fi ìgbésẹ̀ yẹn sọ́kàn: ẹni tó kàn ni wọ́n kọ́kọ́ bá, kí wọ́n tó sọ fún aráyé.

9/ Ní 1946, ẹgbẹ́ yẹn di Abeokuta Women's Union, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún gbogbo obìnrin. Ìyá Fẹlá bọ́ gáùn sílẹ̀, wọ́n ró ìró bíi ti àwọn ọlọ́jà. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, kódà níwájú àwọn aláṣẹ òyìnbó. Ẹni tí ò bá gbọ́, kó wá ògbufọ̀. Mo fẹ́ràn màmá yẹn gan-an.

10/ Wọn ò kàn sọ pé "ẹ gbà wá." Wọ́n mú ohun tí wọ́n ń fẹ́ wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: kí owó orí obìnrin kúrò, kí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó máa san owó orí tiwọn, kí ìjọba náwó sórí ìmọ́tótó, ọkọ̀ àti ẹ̀kọ́, kí agbára kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan, kí ìgbìmọ̀ tí obìnrin wà nínú ẹ̀ rọ́pò ẹ̀. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n tún un kọ. Ààfin ò dáhùn.

11/ Nígbà tí ìwé ò ṣiṣẹ́, wọ́n fẹ́ wọ́de. Ìjọba ní àwọn ò fún wọn láṣẹ. Wọ́n ní kò burú, àwọn ń lọ ṣe fàájì ni, àwọn ń lọ ṣọdún ni. 😂 Ṣáájú ọjọ́ náà, wọ́n ti kọ́ ara wọn bí èèyàn ṣe ń ṣe tí ọlọ́pàá bá yin tajútajú. Ètò wà nílẹ̀, kì í ṣe ariwo lásán.

12/ Ní 29 sí 30 November 1947, ó lé ní 10,000 obìnrin tó dúró síwájú ààfin Aláké, ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́ bá wọn níbẹ̀. Wọn ò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ jálẹ̀ 1948. Ní 3 January 1949, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi orí oyè sílẹ̀. Owó orí obìnrin kúrò nílẹ̀. Obìnrin mẹ́rin wọ ìgbìmọ̀ ìlú.

13/ Kí n má purọ́ fún yín, Aláké padà sórí oyè ní December 1950. Ìtàn kì í rí bíi fíìmù. Àmọ́ ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ nìyí: òru ọjọ́ yẹn nìkan la máa ń rántí, nítorí ìgbà náà ni èrò pọ̀ jù. Ìwé tí wọ́n kọ, ìpàdé tí wọ́n ṣe, ọdún tí wọ́n lò, a kì í sọ ọ́.

14/ Ẹ jẹ́ ká kọjá sí Ìbàdàn. Lọ́dún 1952, Ìwọ̀-Oòrùn ṣe òfin ìjọba ìbílẹ̀ tó mú káńsù tí aráàlú dìbò yàn wá. Wọn kì í ṣe áńgẹ́lì o, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹun jẹun. Àmọ́ ó kéré tán, o mọ ẹni tí o dìbò fún. Lọ́dún 1966, ológun gbàjọba, wọ́n tú àwọn káńsù náà ká, wọ́n fi alákòóso tí wọ́n yàn fúnra wọn rọ́pò wọn.

15/ Ní 1968, àgbẹ̀ kòkó ń sunkún. Owó tí wọ́n ń rí lórí kòkó ò tó nǹkan, owó orí ń wọ̀ wọ́n lọ́rùn, ọ̀nà oko ò ṣe é gbà. Àwọn agbowó orí ń lé wọn kiri inú oko. Ta ni wọ́n máa lọ bá? Kánsílọ̀ ò sí mọ́. Ẹni tó wà níbẹ̀, ìbò wọn kọ́ ló gbé e débẹ̀, ìbò wọn ò sì lè gbé e kúrò.

16/ Bí Àgbẹ́kọ̀yà ṣe dé nìyẹn, ní November 1968. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, Adájọ́ Ayọ̀ọlá ló ṣe alága ẹ̀. Rògbòdìyàn náà ò dúró. Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, Ọba Ọlájídé Láoyè, kú sínú ẹ̀ lọ́dún 1969. Ní September ọdún náà, àwọn àgbẹ̀ ya wọ ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì tú àwọn èèyàn wọn sílẹ̀.

17/ Ìgbà tí Awólọ́wọ̀ lọ bá àwọn àgbẹ̀ ní Akanran, tó jókòó ti Táfà Adéoyè àtàwọn èèyàn ẹ̀, ni ọ̀rọ̀ tó ní ojútùú. Owó orí wálẹ̀ sí pọ́ùn 2. Ẹ wo nǹkan: ẹnì kan kàn lọ bá wọn nílé, ó gbọ́ tẹnu wọn ni. Ẹ̀mí melòó ló ti lọ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀?

18/ Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kánsílọ̀ kì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ. Tí ẹni tó sún mọ́ni jù nínú ìjọba ò bá sí, tàbí tó wà àmọ́ tí a ò mọ̀ ọ́n, ìbínú kékeré á máa dàgbà nínú ilé títí tó fi máa di ohun tí apá ò ká mọ́.

19/ Ìjọba ológun fúnra ẹ̀ kọ́gbọ́n díẹ̀. Ní 1976, wọ́n ṣe àtúntò ìjọba ìbílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà. Òfin ilẹ̀ wa ti 1979 ní aráàlú ló gbọ́dọ̀ dìbò yan káńsù, ti 1999 náà sọ bẹ́ẹ̀, ní abala 7. Gómìnà pọ̀ tó fojú di í. Wọ́n á tú káńsù ká, wọ́n á fi àwọn èèyàn wọn síbẹ̀ bí alámòójútó. Ṣé ẹ rí ìdí tí a ò fi mọ orúkọ ẹnikẹ́ni?

20/ Ní 11 July 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní ó tó gẹ́ẹ́. Gómìnà ò láṣẹ láti tú káńsù tí aráàlú yàn ká, owó ìjọba ìbílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa lọ sọ́wọ́ káńsù tààrà. Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé e sí, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Àmọ́ àwáwí "gómìnà ló gba owó wa" ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́ lábẹ́ òfin.

21/ Kí ni iṣẹ́ wọn gan-an? Ó wà nínú òfin 1999: ọjà, ibùdókọ̀, gọ́tà, ilẹ̀ kíkó, iná ojú pópó, títì àdúgbò, ibi ìpẹran, ibi ìsìnkú, ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun àti òkú, kódà láísẹ́ǹsì bárò àti kẹ̀kẹ́. Ẹ rí gọ́tà níbẹ̀, àbí? Ààrẹ kọ́. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù ní ìjọba ìbílẹ̀ 137, òfin sì ní iṣẹ́ wọn nìyẹn.

22/ Ọ̀nà tí àwọn ìyá Abẹ́òkúta là fún wa nìyí, mo kàn tún un sọ ní tòní:
- Mọ wọ́ọ̀dù rẹ àti orúkọ kánsílọ̀ rẹ. Béèrè ní káńsù.
- Má dá lọ. Kó ará àdúgbò dání, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.
- Kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun kan péré, kì í ṣe ogún.
- Mú ẹ̀dà kejì dání, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i.
- Béèrè ọjọ́ tí ẹ máa padà wá. Kí ẹ sì padà lọ.

23/ Tí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí wọ́n ná sórí nǹkan, òfin kan wà láti 2011, Freedom of Information Act. Ẹ ò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn. Ẹ wá gbọ́ èyí tó wú mi lórí jù: ẹni tí ò lè kọ̀wé lè fẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ ìjọba ló gbọ́dọ̀ bá a kọ ọ́ sílẹ̀. Ká ní àwọn ìyá ọlọ́jà 1947 rí irú òfin yẹn!

24/ Tí wọ́n bá kọ etí dídi sí i ńkọ́? Ẹ ṣe bí àwọn ìyá yẹn: ẹ gbé e lọ sórí rédíò, ẹ gbé e wá síbí, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ yẹn. Ìyàtọ̀ wà láàárín "gọ́tà wa bàjẹ́" àti "a kọ̀wé ní ọjọ́ báyìí, ìwé rèé, ẹ ò dáhùn." Èyí àkọ́kọ́, àánú ni èèyàn á fi ṣe. Èkejì, ìdáhùn ni wọ́n máa wá.

25/ Lọ́jọ́ Ajé, àwa mẹ́fà lọ. Màmá ẹlẹ́kọ ló ṣíwájú. Kánsílọ̀ wa, ọ̀dọ́ ni, ilé ẹ̀ ò ju òpópónà mẹ́ta sí tiwa lọ. Ó ní àwa la kọ́kọ́ mú ìwé wá bá òun láti ìgbà tí wọ́n ti yan òun. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún.

26/ Gọ́tà ò tíì ṣe o, mi ò ní purọ́. Àmọ́ òǹtẹ̀ wà lára ìwé wa, ọjọ́ tí a máa padà lọ wà lára ẹ̀, màmá sì ti ní àwọn ò ní tajà lọ́jọ́ náà. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé-jẹ. Ẹ kọ orúkọ kánsílọ̀ yín sísàlẹ̀ níbí. Tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má tijú, èmi náà ò mọ̀ ọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ lọ béèrè lọ́la.