Agbo Ìdáná, Ìtọ́wò, Iye Aṣojú: Èdè Ìkànìyàn fún Ọ̀dọ́ Olùṣèwádìí

Agboolé kọ́ ni akànìyàn ń kà. Ní Ìjàgbó, ìlú kan ní Kwara, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́rin lè jọ wà nínú agboolé kan, kí ìyàwó kálukú sì ní ààrò tirẹ̀. Àwọn tó ń jẹ nínú ìkòkò kan náà, tí wọ́n sì gba ẹnì kan ní olórí, ni akànìyàn kà sí ẹyọ kan. Ẹni tó bá pè é ní “agboolé” ti sọ mẹ́rin di ọ̀kan. “Ìdílé” náà kò bá a mu, torí ọmọ ìdílé tó ń gbé Èkó ṣì ni ọmọ ìdílé. “Agbo ìdáná” ló bá a mu.

Nínú ìkànìyàn oṣù Kẹta 2006, ibi tí wọ́n bá èèyàn ni wọ́n ti kà á. Nítorí náà, iye tó wà fún Kwara, 2,365,353, kì í ṣe iye “ọmọ Kwara”. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun sì ni Ìjàgbó wà nínú ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọ̀ffà ni gbogbo ayé fi ń júwe rẹ̀.

Ìwádìí lórí ìlera, tí wọ́n ń pè ní NDHS, kì í kan gbogbo ilé. Ti 2018 bá obìnrin 41,821 sọ̀rọ̀, láti ọmọ ọdún 15 sí 49. “Àpẹẹrẹ” ni ọ̀pọ̀ ń pe irú àwọn tí wọ́n mú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ lè jẹ́ èyí tó wu èèyàn. “Ìtọ́wò” sàn jù: ẹni tó bá ro ọbẹ̀ dáadáa, ṣíbí kan tó o láti mọ adùn ìkòkò.

Wọ́n máa ń mú ju ìdá tó yẹ lọ ní ìpínlẹ̀ kékeré, kí èsì tibẹ̀ lè dúró. Ìyẹn ni obìnrin ibẹ̀ kan fi ń ṣojú fún èèyàn tó kéré sí ti ìpínlẹ̀ ńlá. Nọ́ńbà kan wà fún obìnrin kọ̀ọ̀kan tó ń sọ bí èèyàn tó ń ṣojú fún ṣe pọ̀ tó. Bí a bá pè é ní “ìwọ̀n”, yóò gbé ọkàn òǹkàwé lọ sórí òṣùwọ̀n ọjà. “Iye aṣojú” ló sọ iṣẹ́ tí nọ́ńbà náà ń ṣe. Olùṣèwádìí tó bá gbàgbé rẹ̀ yóò gbé èsì tó wọ́ jáde.

Wọ́n tún ń sún ààmì ibùdó ìwádìí lórí àwòrán ilẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà dá àwọn tó dáhùn mọ̀: ó lè tó kìlómítà 2 nígboro, 5 lábúlé, àti 10 fún ìwọ̀nba díẹ̀ lára ti abúlé. “Ìsúnkúrò” tó fún un. Ààmì tó bá bọ́ sórí Ìjàgbó lè má jẹ́ ti Ìjàgbó. Kwara ni èsì náà lè sọ̀rọ̀ lé lórí, kì í ṣe ìlú kan.