Gángan àti Ẹ̀rọ Nínú Orin Jùjú

Èrò àwọn kan ni pé láti ìgbà tí iná mọ̀nàmọ́ná ti wọ agbo orin ni orin ìbílẹ̀ Yorùbá ti ń kú lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá tọ ipasẹ̀ orin jùjú, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Túndé King ń kọrin jùjú ní Èkó ní àwọn ọdún 1930, ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni ó máa ń wà nínú ẹgbẹ́, pẹ̀lú báńjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù jùjú. Bí gángan bá wọ irú agbo bẹ́ẹ̀, yóò bo akọrin mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti gìtá oníná bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn akọrin lọ́wọ́. Ní 1948 ni Àkànbí Wright mú gángan wọ orin jùjú. Ẹ̀rọ ni ó gbé ohùn akọrin sókè tí onígángan fi ráyè jókòó.

Ọ̀nà yìí ni I. K. Dairo tọ̀ nígbà tí ó dá ẹgbẹ́ Morning Star sílẹ̀ ní 1957. Ó ta gìtá oníná, ó tẹ àkọ́díọ̀nù, síbẹ̀ orin Ìjẹ̀ṣà àti orin ìjọ Aládùúrà ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀.

Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1980, ẹgbẹ́ King Sunny Adé ti ju ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Gìtá pọ̀ níbẹ̀, dùùrù oníná tí à ń pè ní synthesizer wà níbẹ̀, onígángan náà kò sì dín kù. Nínú àwo Juju Music ti 1982, Adémọ́lá Adépọ̀jù ta gìtá kan tí a ń fi irin fà lórí okùn, tí ohùn rẹ̀ ń yọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó bá etí Yorùbá mu, nítorí bí onígángan ṣe ń fún ọṣán kí ìlù tó lè sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ohùn ni ó ya ọkọ́ tí a fi ń roko sọ́tọ̀ sí ọkọ̀ tí a ń wọ̀.

Nínú àwo Aura ti 1984, ẹ̀rọ tí ń lu ìlù fúnra rẹ̀ náà wọ orin yìí. Ìlù rẹ̀ kì í yẹ̀, kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo òde àríyá. Bí àlejò pàtàkì bá ti ń wọlé, onígángan yóò ti dá a mọ̀, yóò fi oríkì ìdílé rẹ̀ kí i, akọrin yóò gbà á lẹ́nu ìlù, àlejò yóò sì jó jáde wá náwó. Ẹ̀rọ òde òní lè sín ohùn gángan jẹ. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó mọ ọmọ ẹni tí ó wọlé.

Ní 1998, Sunny Adé gbé àwo Odù jáde, tí ó kún fún orin ìbílẹ̀. Ẹni tí ó ti lo ẹ̀rọ tó bẹ́ẹ̀ kò sọ ilé nù. Nítorí náà, bí ó bá di ọjọ́ kan tí a kò rí onígángan tí ó gbọ́ oríkì mọ́, kí a má ṣe di ẹ̀bi ru iná mọ̀nàmọ́ná. Àwa tí a kò kọ́ ọmọ wa ní oríkì ni kí a bi.