Boundary: Ilẹ̀ Tí Olóyè Olúwa Gbèjà, Tí Gbogbo Ayé Wá Ń Gbé

Ọdún 2026 ló pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n parí ibùdókọ̀ òkun mẹ́rin àkọ́kọ́ ní èbúté Àpápá. Ọkọ̀ òkun àti ẹrù ni ẹnu máa ń ròyìn nígbà irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà tó mọ bí ilẹ̀ náà ṣe bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ń wọlẹ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ tó ń kọjá ní Boundary, níbi tí Àpápá ti pàdé Ajégúnlẹ̀, yóò rò pé ìjọba ló ni ilẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ ìdílé Olúwa ni mí, n ó sì sọ ọ́ láìṣègbè.

Ọ̀dọ̀ Olófin tó tẹ̀dó sí Ìdó ni àwọn Ìdẹ́jọ, olóyè onífìlà funfun, ti ṣẹ̀: Olúwa, Òjórà, Arómirẹ, Olóto, Ọnírù, Olúmẹ́gbọ́n, Onítòlò. Àwọn ló ni ilẹ̀. Ọba ń jẹ, ọba ń wàjà: Àṣípa, Adó, Gàbàró, Akínṣẹmóyìn, Elétù Kékeré, Ológun Kutere, Adélé, Òṣìnlókùn, Ìdéwú Òjúlarí, Olúwọlé, Akíntóyè, Kòsọ́kọ́, Dòsùnmú, Oyèkàn, Èṣùgbàyí. Ilẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ Ìdẹ́jọ. Àwọn ìbátan wa, ọmọ Òjórà, ní ìtàn tiwọn lórí Àpápá, ẹ̀tọ́ wọn sì ni kí wọ́n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ogun dé, Olúwa ló dojú kọ ọ́.

Ogun ilé ẹjọ́ ni. Ní 1913, ìjọba òyìnbó gba ilẹ̀ ní Àpápá, wọ́n ní iṣẹ́ ìlú ni wọn yóò fi ṣe. Olóyè Amódù Tìjání, Olúwa ìgbà náà, ní kí wọ́n san owó ilẹ̀. Ilé ẹjọ́ Èkó ní ìwọ̀nba ẹ̀tọ́ olórí ló ní, pé kì í ṣe òun ló ni ín. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó tún jẹ̀bi. Olúwa kò gbà. Ní 1920, ó wọkọ̀ òkun lọ sí London, Herbert Macaulay tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé, òpá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Elékòó sì wà lọ́wọ́ Macaulay. Òpá yẹn nìkan tó kí ayé mọ̀ pé ààfin Èkó wà lẹ́yìn ẹjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí Macaulay sọ níbẹ̀ nípa ipò Elékòó bí ìjọba nínú, Ọba sì jìyà rẹ̀: wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè ní 1925, wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́, kò padà sí Èkó títí di 1931. Ṣùgbọ́n ní 1921, ìgbìmọ̀ Privy Council, ìyẹn ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ìkẹyìn ní London, láti ẹnu Viscount Haldane, ti dá Olúwa láre: ilẹ̀ náà jẹ́ ti ẹbí àti ará ìlú, olóyè ń dì í mú fún wọn ni, ìjọba sì gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ ní kíkún. £22,500 ni wọ́n san.

Èbúté dé, iṣẹ́ dé, èrò sì tẹ̀ lé e. Àpápá di ti òyìnbó àti ilé iṣẹ́ ńlá. Òṣìṣẹ́ sọdá Boundary, wọ́n gba yàrá ní Ajégúnlẹ̀. Ìlàjẹ dé, Ìjọ̀ dé, Urhobo, Ìṣẹ́kírì, Ìgbò, Hausa, Ègùn, Ewe láti Ghana. Yàrá kọjú sí yàrá nínú ilé kan, ẹ̀rọ omi kan, ilé ìdáná kan, ọ̀pọ̀ èdè lórí ìlà omi kí ilẹ̀ tó mọ́. Ibẹ̀ ni Samson Siasia àti Odion Ighalo ti gbá bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ni Daddy Showkey àti African China ti kọrin.

Ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin náà ń bẹ láàrin èrò yìí. Kò sí ìlú ńlá tí wọn kò sí. Ní Èkó níbí, Rowland Jide Macaulay dá ìjọ House of Rainbow sílẹ̀ fún wọn ní 2006. Ní 2008, ìwé ìròyìn tú wọn fó, ìhalẹ̀ àti lílù tẹ̀ lé e, Macaulay yìí sì sá lọ sí London. Ní January 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 de ìgbéyàwó wọn, tó sì fi ọdún 10 de ẹgbẹ́ wọn.

Àwọn kan ní àṣà wa la fi ń lé wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba amúnisìn tó gba Àpápá lọ́wọ́ wa náà ló kọ́kọ́ kọ ẹ̀wọ̀n fún ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin sínú ìwé òfin ọ̀daràn wa. England ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú tirẹ̀ ká láti 1967. Àwa ṣì di tiwa mú pinpin. Olúwa kò gbà pé ohun tí òfin bá sọ ti parí. Ohun tó fi borí ni pé ilẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ẹbí, kò sí ọmọ tí a lè yọ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin baálẹ̀ àti onílé Boundary, ẹni tó bá san owó ilé, tó sì ń gbé ní ìrẹ̀lẹ̀, ẹ má torí ẹni tó fẹ́ràn lé e jáde, ẹ má sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ti gbèjà ìdájọ́ 1921 ju àwa tí a ń jẹ́ orúkọ Olúwa lọ.