Ohun Tí Olukotun Ṣe àti Ohun Tí Kò Ṣe

Bí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù géèmù Mowe, Ibafo àti Ifo lórí ohun tó jẹ́ kí PlayStation 5 yára tó bẹ́ẹ̀, ẹnìkan lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọmọ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kunle Olukotun ti Yunifásítì Stanford, ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìyangàn yìí dùn mọ́ mi gidigidi. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ló ń dà pọ̀: multi-core àti SMT (simultaneous multithreading).

Multi-core ni ti Olukotun: kí a kó core púpọ̀, ìyẹn ẹ̀yà tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an, sórí chip kan ṣoṣo. Ní 1996, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé ó sàn kí core kéékèèké pọ̀ ju kí a máa fẹ ẹyọ kan lójú lọ. Sun Microsystems ra Afara, ilé-iṣẹ́ tí Olukotun dá sílẹ̀, ní 2002. Ibẹ̀ ni chip Niagara ti wá, tó ní core 8.

SMT yàtọ̀. Ilé ìdáná bùkátéríà ni kí ẹ wò. Bí alásè kan bá ń dúró kí omi hó, ẹ̀rọ ìlọta wà lásán. Ẹ fi alásè kejì sí i, tó ní ìkòkò tirẹ̀: yóò máa lọ ata bí èkíní ti ń ro àmàlà. Ilé ìdáná kò di méjì, àmọ́ irinṣẹ́ ibẹ̀ kò sinmi mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni thread méjì, ìyẹn ọ̀wọ́ àṣẹ méjì, ṣe ń pín core kan lò lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ti multi-core, ilé ìdáná mìíràn la kọ́.

Dean Tullsen, Susan Eggers àti Henry Levy ti Yunifásítì Washington ló ṣàlàyé SMT fáráyé ní 1995. Intel, tí àwọn mìíràn rò pé ó dá SMT sílẹ̀, kò tà á títí di 2002. Kódà, àwọn thread inú Niagara kì í jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú core kan. Ṣe ni wọ́n ń gbà á fún ara wọn.

Ẹ̀rí pé multi-core àti SMT kì í ṣe ohun kan náà wà nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù géèmù náà. PlayStation 4 ti 2013 ní core 8, kò sì ní SMT rárá. Xbox 360 ti 2005 ti ní core 3, thread 2 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí PlayStation 5 fi máa dé ní 2020 pẹ̀lú core 8 àti thread 16, SMT ti pé ọdún 15 nínú ẹ̀rọ géèmù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí. Eggers gba Eckert-Mauchly, ẹ̀bùn fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọnà kọ̀ǹpútà, ní 2018. Olukotun gba tirẹ̀ ní 2023.