Òkú Èkó: Ẹja Omi Tútù Nínú Ìtàn Oúnjẹ Sùúrùlérè

Ó rọrùn láti ka ìtàn ẹja òkú Èkó sí ọ̀rọ̀ òwò lásán. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìwà ẹja náà fúnra rẹ̀ ni ó la ọ̀nà tí ó gbà dé ọjà Sùúrùlérè.

Ẹja tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní Titus, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mọ̀ sí Scomber scombrus, kì í gbé inú òkun Èkó. Omi tútù ìhà àríwá Àtìláńtíìkì ni ibùgbé rẹ̀. Ní ìgbà ìrúwé ó ń yé ẹyin ní ìwọ̀ oòrùn Áílándì. Lẹ́yìn náà ni agbo rẹ̀ ń jẹun lọ sí ìhà Nọ́wè. Kò ní àpò afẹ́fẹ́ tí ó ń mú ọ̀pọ̀ ẹja léfòó. Bí kò bá lúwẹ̀ẹ́, yóò rì. Kí òtútù tó dé, ọ̀rá lè ju ìdá kan nínú márùn-ún ẹran ara rẹ̀ lọ. Ọ̀rá yìí ni ó mú un dùn, òun náà ni ó ń mú un tètè bàjẹ́. A kò lè sá a gbẹ bíi pańla ilẹ̀ Nọ́wè; àfi kí ó dì gbagidi kí ó tó wọkọ̀.

Láti 1955 ni ìgbìmọ̀ LEDB ti ń kó àwọn ènìyàn kúrò ní àárín Erékùṣù Èkó lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1961 pé ọ̀pọ̀ obìnrin oníṣòwò pàdánù àwọn oníbàárà wọn. Wọ́n sì jìnnà sí ọ̀sà àti ẹja inú rẹ̀. Ẹja inú páálí kò nílò ọ̀sà; kóòlù-rúùmù àti iná mànàmáná ni ó nílò.

Ní àárín ọdún 1960 sí 1969, àwọn ọkọ̀ Nọ́wè fi àwọ̀n ńlá kó ẹja yìí ní Òkun Àríwá tó bẹ́ẹ̀ tí agbo ibẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà tí ọdún 1970 fi wọlé. Ìpẹja yí sí ìhà ìwọ̀ oòrùn. Àwọn ọkọ̀ Họ́láńdì tí ń mú ẹja dì lójú omi rí oníbàárà ní Nàìjíríà, níbi tí owó epo ti pọ̀ lẹ́yìn 1973. Ṣùgbọ́n ètò SAP ti 1986 rẹ náírà sílẹ̀, ẹja sì di ọ̀wọ́n.

Ní àkótán, Èkó tí ó wà nínú orúkọ ẹja yìí kì í ṣe ilé rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni. Bí agbo ẹja bá tán ní òkèèrè, tàbí tí agbára náírà bá dínkù nílé, ìkòkò ọbẹ̀ Sùúrùlérè ni yóò mọ̀ ọ́n lára.