Agbẹ́gilére àti Ooru Ẹ̀ẹ̀rùn

Ní ọdún 1947 ni àwọn àlùfáà Àgùdà dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì, níbi tí Làmídì Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Igi tútù ni irú àwọn agbẹ́gilére bẹ́ẹ̀ ń gbẹ́. Ó rọ̀ lábẹ́ àáké, ṣùgbọ́n bí ooru ẹ̀ẹ̀rùn bá tètè fa omi ara rẹ̀, ère á sán. Ibòòji tí wọ́n fi ń dáàbò bo igi ló ń dáàbò bo àwọn náà.

Nígbà tí páànù rọ́pò ewé lórí ilé, ọ̀ràn yí padà. Abẹ́ páànù tí kò ní àjà kò yàtọ̀ sí inú ààrò lọ́sàn-án oṣù kejì. Bẹ́ẹ̀ la sì ń kọ́ ọ títí dòní! Kafíńtà àdúgbò wa gbọ́n: òwúrọ̀ ló ń tan ẹ̀rọ, lọ́sàn-án, a kó iṣẹ́ ọwọ́ lọ sábẹ́ igi máńgòrò.